Ọmọ Méjì, Àdàbà Kan

Ìyá tó bí ìbejì kì í ra nǹkan ní ẹyọ kan. Òfin tí Màámi fi tọ́ èmi àti ìkejì mi ní Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá fún wa ní ọsàn kan, Màámi á là á sí méjì, á gbé àbọ̀ méjèèjì sókè ojú rẹ̀, á wò wọ́n títí, kó tó na ọ̀kan sí mi, kó na èyí tó kù sí ìkejì mi. Ní ọjọ́ kan, àbúrò bàbá wa dé láti Èkó pẹ̀lú ọkọ̀ ìṣeré onípáànù kan ṣoṣo, ọkọ̀ pupa, ó ní ká jọ máa fi ṣeré. Màámi kí i dáadáa, ó gbé oúnjẹ fún un, ó bu omi tútù fún un. Ìgbà tó jẹun tán ni Màámi gbé ọkọ̀ náà lé e lọ́wọ́ padà. Ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an ni. Ohun tí kò bá ṣeé pín, a kì í gbà á nínú ilé yìí." Èmi àti ìkejì mi sunkún títí a fi sùn lọ, ṣùgbọ́n a sunkún dọ́gba.

A ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, àwa méjèèjì. Èmi ń wa bọ́ọ̀sì, Upney ni mò ń gbé, kò jìnnà sí Barking Park. Ìkejì mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ilé tiẹ̀ wà ní Marks Gate lókè lọ́hùn-ún, lẹ́bàá títì A12. Òun ló kọ́kọ́ jáde sáyé, èmi ni mo kẹ́yìn, gbogbo ọmọ Yorùbá tí orí rẹ̀ pé ló sì mọ̀ pé èyí tó kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán àbúrò rẹ̀ ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ìkejì mi kò gbà. Ó ní ní London tí a wà yìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Mi ò bá a jiyàn, nítorí àgbà kì í bá ọmọdé jiyàn.

Nígbà tí bàbá wa kú, a mú Màámi wá sọ́dọ̀ wa. Ìkejì mi tó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò ní kò le rárá: oṣù mẹ́ta nílé mi, oṣù mẹ́ta nílé òun, kò ní sí ìjà. Ọ̀dọ̀ mi ni Màámi kọ́kọ́ dé sí nítorí ó súnmọ́ ìjọ rẹ̀. Ibi tí ìkejì mi ti ṣìṣe nìyẹn. Ẹni tí kò fẹ́ kí ológbò jẹ ẹja kì í ní kí ológbò bá òun gbé e dání.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Ìyàwó mi ti kú. Ọmọ mi kan ṣoṣo ti lọ ń gbé ní Manchester. Kí Màámi tó dé, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ wọlé, fíríìjì nìkan ló máa ń dún nínú ilé. Màámi dé, ariwo dé. Ó ń gbàdúrà ìdájí débi pé aládùúgbò ń kan ògiri. Ó ń bá ẹni tó ń ka ìròyìn nínú rédíò jà. Bí omi bá hó nínú kẹ́tù, á pè mí láti yàrá wá pé kí n wá wò ó. Inú mi dùn, mi ò lè purọ́. Inú mi dùn débi pé mi ò fẹ́ kí oṣù mẹ́ta yẹn pé láéláé.

Ó pé ṣá. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́dùn nípa bọ́ọ̀sì. Mo ní, "Màámi, bọ́ọ̀sì tó ń lọ Marks Gate yẹn, ó ń mì jù fún eegun yín." Ta ló máa bá awakọ̀ bọ́ọ̀sì jiyàn lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì? Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo ní òtútù ẹ̀bá A12 kì í ṣe ẹgbẹ́ òtútù Upney, pé àwọn ọkọ̀ ńlá ló ń fẹ́ ẹ wọ ilé àwọn èèyàn. Nígbà tó yá, mo ní ká sọ tòótọ́, Marks Gate ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ London mọ́. Màámi á kàn máa mi orí, á máa ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ìkejì mi náà kò káwọ́ gbera. Ó ra àga kan tó ń gbóná fúnra rẹ̀, ó so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Màámi. Lálaalẹ́ ló ń to àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta síwájú fóònù, wọ́n á ní, "Grandma, we miss you, ẹ máa bọ̀ o," ní ohùn tí ẹnì kan ti fi kọ́ wọn. Ẹlẹ́tàn ni. Ẹ má sọ fún mi pé mi ò mọ̀ ọ́n dáadáa, inú ikùn kan náà la ti jọ gbé.

Nígbà tó rí i pé ọgbọ́n àga ò ṣiṣẹ́, ó pè mí lọ́jọ́ Thursday. Ó ní, "Saturday morning, mò ń bọ̀ with my car. Màámi máa packi load wọn. No more story."

Mo ní kó máa bọ̀, pé ilé wa ni. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ibi tí èèyàn lè fi ìyá arúgbó pamọ́ sí. Ìjọ rẹ̀ ni ìkejì mi máa kọ́kọ́ wò. Bí kò bá bá a níbẹ̀, á lọ Barking Park. Á tún lọ sí ọjà Barking, níbi tí Màámi ti máa ń bá àwọn eléja ná ọjà. Ibo ni tíṣà ìṣirò kò ti ní wá ìyá rẹ̀ láé? Ibi tó bọ́ sí mi lọ́kàn mú kí n rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ níbi tí iná pupa ti dá mi dúró. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan wà láàárín ìlú, ọkọ̀ ojú irin District line ń gbéni láti Upney lọ súnmọ́ ọn tààrà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń wọ̀ ọ́. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí inú rẹ̀ kì í dùn sí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn.

Mo sọ fún Màámi pé ère Jésù àti ti ìyá rẹ̀ tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ wà níbẹ̀. Òótọ́ sì ni. Ohun tí mi ò rò ni pé bó ṣe gbọ́ Jésù ló máa wọ sùtánà. Ìjọ aláṣọ funfun ni Màámi ń lọ, ẹni tó bá sì ti wọ sùtánà nínú ìjọ wọn kò ní wọ bàtà, ì báà jẹ́ London, ì báà jẹ́ ọ̀run. Bí a ṣe wọ ọkọ̀ ní Upney nìyẹn: Màámi nínú aṣọ funfun, fìlà funfun, ẹsẹ̀ lásán, báàgì dúdú lábíyá. Ó kí gbogbo èèyàn tó wà nínú ọkọ̀ káàárọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó dáhùn. Nígbà tí a fi máa dé Mile End, wọ́n ti ń dá a lóhùn. Èmi ti pa fóònù mi ní tèmi.

Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, Màámi kọjá lára àwọn ohun ńláńlá láìdúró. Ó wo Jésù kan tó wà lórí àgbélébùú, ó ní wọn ò fún un lóúnjẹ dáadáa. A rìn títí a fi dé yàrá kan tó dákẹ́, níbi tí ère kékeré kan wà lórí àpótí gíga. Ère náà kò ga ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Òkúta mábù ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, òkúta funfun dídán tí àwọn olówó fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé wọn. Ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ni pé àwọn ará Faransé ló gbẹ́ ẹ, àti pé ọmọ méjì pẹ̀lú àdàbà ni. Àwọn ọmọ náà sanra, irun wọn ká, wọ́n wà ní ìhòòhò. Ọ̀kan gbá àdàbà mọ́ àyà, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Èkejì ya ẹnu, ó na ọwọ́ méjèèjì, kò sí nǹkan kan nínú wọn.

Màámi dúró. Ó ní, "Ọmọ ìjọ wa lèyí."

Mo ní, "Báwo, Màámi?"

"Ṣé o ò rí i pé funfun ni wọ́n? Wo ẹsẹ̀ wọn. Kò sí bàtà."

"Kò sí ṣòkòtò náà, Màámi."

"Wọ́n ti bọ́ sùtánà ni. Ọmọdé kì í jẹ́ kí aṣọ pẹ́ lára." Ó bá tẹjú mọ́ ọwọ́ àwọn ọmọ náà, ojú rẹ̀ sì yí padà. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tó fi wo ọkọ̀ pupa ọjọ́sí ni. Ó ní, "Ta ló fún ọ̀kan tí kò fún èkejì?"

"Màámi, òkúta ni."

"Mo mọ̀ pé òkúta ni. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ńkọ́, ṣé òkúta lòun náà?"

Mo gbìyànjú láti sọ pé bóyá wọn kì í ṣe ìbejì. Ó ní kí n wo imú wọn. Mo wò ó. Imú kan náà ni lóòótọ́. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ṣí báàgì rẹ̀, ibi tí súìtì kì í ti í tán, tí kì í sì í ṣẹ́kù ẹyọ kan. Ó mú ọ̀kan jáde, ó gbé e sẹ́sẹ̀ ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Dákẹ́."

Obìnrin kan ń ṣọ́ yàrá náà, òyìnbó, ó wọ aṣọ dúdú, irun rẹ̀ ti funfun díẹ̀. Ó rọra wá. Ó ní, "I'm sorry, madam, you can't leave food by the objects."

Mo yára túmọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Màámi, ó ní ẹ káàbọ̀, pé ká máa lọ wo àwọn yòókù."

Màámi wò mí láti òkè délẹ̀. "Mo gbọ́ ohun tó sọ. Mo kàwé kí n tó bí ẹ." Ó kọjú sí obìnrin náà. "My daughter, this one has bird. This one has nothing. Where is the mother?"

Obìnrin náà wo ère, ó wo súìtì, ó wo ẹsẹ̀ Màámi. Ó ní, "I'd like a word with her myself." Ó mú súìtì náà, ó fi í sápò aṣọ rẹ̀. Màámi tún na súìtì kejì sí i, nítorí kò fẹ́ kí ẹyọ kan wà nínú àpò ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Màámi lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí ère náà. Ó ní, "Pe ìkejì rẹ."

Mo ní, "Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ilé yìí, Màámi. Ògiri wọn nípọn."

 Màámi ki ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ fóònù tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Títí di ọjọ́ yẹn, ohun tí mo mọ̀ ni pé bí wọ́n bá pè é nìkan ló lè gbé e. Ojú ìkejì mi yọ lórí fóònù. Ẹnu ọ̀nà ilé mi ló wà, mo ń rí dọ́sìbíìnì mi lẹ́yìn rẹ̀.

"Màámi! Ibo lẹ wà? I've been knocking since! Ọwọ́ ti ń dùn mí!"

Màámi yí ojú fóònù sí ère náà. Ó ní, "Iwájú ẹ̀yin méjèèjì ni mo wà. Máa bọ̀."

Obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá ló júwe ibẹ̀ fún un nínú fóònù. Nígbà tó ṣe, ó dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Orí tó pá bíi tèmi, ikùn tó yọ bíi tèmi, kóòtù rẹ̀ nìkan ló dára ju tèmi lọ. Obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá wò ó, ó wò mí, ó wo ère, ó sì sún mọ́ wa díẹ̀. Mi ò rò pé nítorí ère ló ṣe sún mọ́ wa.

Kò sẹ́ni tó ń pariwo níbẹ̀, nítorí náà ohùn jẹ́jẹ́ la fi jà. Ìkejì mi ní, "Olè. You kidnapped our mother."

"Ta ló jí i gbé? Mo mú un wá gbafẹ́ ni."

"O switch off fóònù ẹ."

"Bátìrì ló kú."

"Ó máa ń kú every time tí mo bá ń bọ̀!" Ó nawọ́ sí ère náà. "Wò ó. Ìwọ gan-an nìyẹn, èyí tó gbá ẹyẹ mọ́ra. Wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ìkà. Èmi ni mo nawọ́ yẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn gbóná lára mi. Mo ní, "Ìwọ lo nawọ́? Ìwọ tó o ní ìyàwó, tó o ní ọmọ mẹ́ta nílé, kí ló ṣófo lọ́wọ́ ẹ?" Ohùn mi ti lọ sókè ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Àwọn èèyàn yíjú.

 Ìkejì mi ní, "Inú fóònù làwọn ọmọ mi ti mọ Màámi. Ìyẹn nìkan ni wọ́n mọ̀." Ó dùn mí. Mi ò jẹ́ kó hàn lójú mi ṣá, nítorí ìjà kò tíì parí.

Màámi ní, "Ẹ ti ṣe tán? Ẹ wá síbí."

Ó dìde, ó mú wa yí ère náà ká lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró sí. Láti ibẹ̀ la ti rí àdàbà náà dáadáa. Ìka ọmọ náà fún un lọ́rùn. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti la ẹnu ẹyẹ náà sílẹ̀, ó fẹ̀ bíi ti ọmọ tó ń sunkún lápá kejì.

Màámi ní, "Láti àárọ̀ lẹ ti ń wo ọwọ́ ọmọ. Ta ló bi ẹyẹ léèrè nínú yín?"

 Ó kọjú sí mi, ó ní, "Bọ́ọ̀sì Marks Gate kì í mì. Mo ti wọ̀ ọ́ nígbà tó o wà níbi iṣẹ́. Mo dé ibẹ̀, mo wo A12 dáadáa, mo padà wá se ẹ̀wà dè ọ́." Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ìkejì mi ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kí Màámi tó yíjú sí òun náà. "Ìwọ, alága. Ta ló sọ fún ọ pé ìdí ń tutù mí?"

Ó wá bi wá léèrè jẹ́jẹ́, bí ìgbà tó máa ń bi wá ní ìṣirò nídìí ààrò: "Ohun tí kò bá ṣeé pín, kí là ń ṣe sí i nílé wa?"

Ọkọ̀ pupa!  Mo rí Màámi ní pápákọ̀ òfuurufú, mo rí ilé mi, mo gbọ́ fíríìjì. Mo wo ìkejì mi, òun náà ti rí ohun tí mo rí. Kò sí ẹni tó sọ fún ẹnì kejì. Àwa méjèèjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, ikùn méjì, orí pípá méjì, níwájú obìnrin aláṣọ funfun tí kò wọ bàtà. Ìkejì mi ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sí Ìjẹ̀bú." Mo ní, "Ẹ máa lọ sí Marks Gate, Màámi, bọ́ọ̀sì náà dáa gan-an." Àwọn àlejò ti yọ fóònù, wọ́n ń ya wá, wọ́n rò pé ara eré tí wọ́n ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀ ni. Obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá kàn ní, "Mind the plinth, gentlemen," pé ká ṣọ́ra fún àpótí ère.

Màámi ní, "Ta ló ń lọ sí Ìjẹ̀bú? Kí n lọ bá ta? Ẹ dìde, ẹ̀ ń dọ̀tí aṣọ." Ó tún jókòó, ó sì là á yé wa. Opó kan wà nínú ìjọ rẹ̀, ó ní ilé kan ní Chadwell Heath, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù High Road. Yàrá kan ṣófo lókè, fèrèsé rẹ̀ ń wo títì. Wọ́n ti bá ara wọn sọ ọ́ tán tipẹ́ pé ibẹ̀ ni Màámi á máa gbé. Kì í ṣe Upney, kì í ṣe Marks Gate.

Mo ní, "Màámi, ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ fún wa?"

Ó ní, "Mò ń dúró kí ẹnì kan bi mí ni." Ó wá fọwọ́ kan apá mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mo mọ̀ pé ilé rẹ dákẹ́. Máa wá síbi tí ariwo wà."

Bí a ṣe pàdánù rẹ̀ dọ́gba nìyẹn. Ẹ má sì retí kí n tọrọ àforíjì, nítorí bí mi ò bá jí i gbé lọ́jọ́ yẹn, ta ló máa fi àdàbà hàn wá?

Sátidé àkọ́kọ́ tó lò ní Chadwell Heath, mo gbé iṣu lọ. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà ni mo bá ìkejì mi níbẹ̀ pẹ̀lú míìtì páì ńlá kan nínú ọ̀rá. A kan ilẹ̀kùn títí, kò sí ẹni tó ṣí i. Ìkejì mi pe Màámi. Ó gbọ́ ohun tí fóònù sọ, ó wá yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀.

"Switched off," ó ní.

Mo ní, "Bátìrì rẹ̀ ló kú."

Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. A jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà bíi ti ìgbà tí a wà ní kékeré, tí à ń retí rẹ̀ láti ọjà. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú tún ń bí mi. Ìyá mi kò sí nílé, kò sì sọ fún mi. Nígbà tí ebi dé, ìkejì mi fọ́ míìtì páì rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní àbọ̀. Fún tíṣà ìṣirò, ìtìjú gbáà ni, nítorí tèmi tóbi ju tiẹ̀ lọ dáadáa. Mi ò sọ̀rọ̀. Èmi ni ẹ̀gbọ́n.

A ò tíì jẹ ẹ́ nígbà tí a rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀nà ilé ọkọ̀ ojú irin, Màámi àti opó náà, aṣọ funfun méjì, ẹsẹ̀ lásán mẹ́rin, wọ́n ń sọ̀rọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ìkejì mi ní, "Màámi, ibo lẹ lọ? A ti ń dààmú!"

"Mo lọ kí àwọn ọmọ aládàbà yẹn. Mo mú súìtì dání." Kò wo ojú wa. Ọwọ́ wa ló kọ́kọ́ wò, ti ìkejì mi, lẹ́yìn náà tèmi. Ó gba míìtì páì náà lọ́wọ́ wa, ó gbé méjèèjì sókè ojú rẹ̀, ó wò wọ́n títí. Ó bu ibi tó fi pọ̀ jù lára tèmi, ó jù ú sẹ́nu ara rẹ̀, ó dá méjèèjì padà fún wa ní dọ́gba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nínú báàgì.